Ohun Tí Ojú Mi Rí Nídìí Owó Ẹ̀yáwó ní Gadumo

Owó kékeré tí wọ́n ń yá obìnrin láti fi ṣòwò, mo ti gbà á, mo ti jẹ èrè rẹ̀, mo sì ti sunkún nítorí rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní owó yìí ló ń yọ obìnrin nínú ìṣẹ́, mi ò ní bá a jiyàn. Bí ẹlòmíràn bá ní òun ló ń sọ obìnrin di ẹrú, mi ò ní pè é ní òpùrọ́. Ohun tójú kálukú rí ló ń sọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń yan ẹja tà ní Gadumo, ní Lọ́kọ́jà níbí, ohun kan wà tí mo mọ̀, tí àwọn tó ń yáni lówó kì í fẹ́ gbọ́. Kì í ṣe iye tí wọ́n yáni ló ń pani lára jù, kì í tilẹ̀ í ṣe èlé. Ọjọ́ tí wọ́n ní ká máa dá a padà ni.

Ọmọ Okun ni mí, láti Ìyàrá. Ilé ọkọ ló gbé mi dé Lọ́kọ́jà. Nígbà tí owó oṣù baálé mi di ohun tó ń wá lóṣù yìí tí kì í wá lóṣù tó tẹ̀ lé e, mo tọ ìyá Núpé kan lọ ládùúgbò wa, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ kọ́ mi ní ẹja yíyan yìí." Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní èéfín á ba ojú mi jẹ́. Mo ní kó bà á jẹ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tá a fi jọ wà ní Kpata, létí Odò Ọya, níbi tí àwọn apẹja ti ń gúnlẹ̀.

Iṣẹ́ ẹja yíyan kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ ó ra àrọ̀ ní tútù, ẹ ó fi iyọ̀ fọ gbogbo ara rẹ̀ tó ń yọ̀ bọ̀ọ̀rọ̀ títí á fi mọ́. Ẹ ó ká a kí ìrù fi kan ẹnu, ẹ ó wá fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan gún un pa pọ̀ kó má baà tú. Orí àwọ̀n irin tá a tẹ́ sórí àgbá ló ń lọ. Iná rẹ̀ kò gbọdọ̀ jó lala, èéfín là ń wá, ẹ ó sì máa dìde lóru láti yí i padà. Ó di ọjọ́ kejì, nígbà mìíràn ọjọ́ kẹta, kó tó gbẹ débi tí oníbàárà láti Kàbà tàbí Gwagwalada á fi gbà á láì bẹ̀rù pé á bu sóun lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà yìí kì í sì í sanwó lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á kó ẹja lọ, wọ́n á tà á, ìgbà tí wọ́n bá tún ń bọ̀ wá rajà ni wọ́n á mú owó ti àkọ́kọ́ wá. Owó tí mo bá kó sẹ́ja lónìí lè pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó padà sọ́wọ́ mi. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ẹni tí kò bá mú owó dání dé Kpata, àṣẹ́kù ló ń rà. Àwọn olówó á ti ṣa ọ̀bọ̀kún ńlá àti àrọ̀ tó sanra lọ. Àwa tá a fẹ́ rà láwìn, a ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ títí wọ́n á fi ṣà á tán, iye tí wọ́n á sì dá lé tiwa á ga ju ti ẹni tó san lọ́wọ́ lọ. Ọjà tí kò dára ni tálákà ń rà, owó gọbọi ló sì fi ń rà á. Àwọn ṣógúndogójì wà tí wọ́n ń yáni lówó, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ tọ̀ wọ́n lọ? Èsúsú náà wà, a sì ń dá a, àmọ́ ẹni tí kò tíì kàn kò ní ohun tó lè ṣe ju kó máa dúró de ìgbà tirẹ̀ lọ. Nígbà tí báńkì kan tí mi ò ní dárúkọ rán ọmọkùnrin kan wá sádùúgbò wa pé kí àwọn obìnrin kó ara wọn jọ wá gbowó, láì mú ìwé ilẹ̀ wá, láì ní kí ọkọ wá dúró fún wọn, inú mi dùn gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé Ìbàdàn kìlọ̀ fún mi lórí fóònù pé gbọ́mú-lé-láńtà ni, ìyẹn owó ẹ̀yáwó tó ń ni èèyàn lára. Mo gbọ́ ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n owó ìdánwò WAEC ọmọ mi wà nílẹ̀, kò sì sí ibòmíràn tí mo lè rí i.

Àwa obìnrin mẹ́wàá la kóra jọ, gbogbo wa la dúró fún ara wa: bí ọwọ́ ẹnì kan bá ká, àwọn yòókù á dá owó náà san. Àràárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mítìn, níbi tá a ti ń sanwó tí báńkì á sì fọwọ́ sí káàdì ìsanwó wa. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò rẹ̀ fún yín bó ṣe máa ń rí. Ká ní 50,000 náírà ni wọ́n yá èèyàn. Wọ́n á yọ 5,000 níbẹ̀ pé kó wà nípamọ́ títí ẹni náà á fi san gbèsè tán. 45,000 ló dọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n tó tún gba owó fọ́ọ̀mù. Á máa san 2,500 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24, ó di 60,000. Wọ́n á ní èlé 10,000 péré ni lórí 50,000, ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹ wò ó dáadáa. Láti ọ̀sẹ̀ kìíní lẹ ti ń dá owó wọn padà. Tó bá di àárín, ìdajì ló kù lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n orí 50,000 ni èlé ṣì dúró sí. Bí ẹ bá pín in dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, owó tẹ́ ẹ rí lò gan-an kò ju nǹkan bíi 25,000 lọ, 10,000 lẹ sì san lé e láàárín oṣù mẹ́fà tí kò tilẹ̀ pé.

Èlé yẹn wúwo, àbùkù ni fún ẹni tó bá ní òun ń ran tálákà lọ́wọ́. Síbẹ̀, mo lè san án. Nígbà tí ẹja bá wà, èrè ẹja gbé e. Ẹni tó ń ra àwìn ní Kpata ti ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ láì sí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.

Oṣù kọkànlá ni mo gba ti àkọ́kọ́. Omi ti ń fà, ẹja ń há sínú àwọn adágún ẹ̀bá odò, àwọ̀n àwọn apẹja ń wúwo. Owó wà lọ́wọ́ mi, mo ń ṣa ẹja bí àwọn olówó ti ń ṣà á. Mo ra àgbá kejì. Mo san owó WAEC. Títí di oṣù kẹta, mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ lọ́jọ́ mítìn. Gbogbo wa la gbà pé báńkì ló ṣe é. Báńkì ṣe tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n odò náà ṣe tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí rẹ̀ nígbà yẹn.

Nínú ẹgbẹ́ yẹn kan náà, obìnrin Ígálà kan wà, Ìyá Alákàrà la máa ń pè é. Ẹ wo bí owó tirẹ̀ ti ń rìn. Ní ìrọ̀lẹ́ á ra ẹ̀wà, á rẹ ẹ́, á bó o, á lọ̀ ọ́. Ní ìdájí á gbé agbada kaná. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, owó ẹ̀wà, owó epo àti èrè ti wà nínú àpò ìdí rẹ̀. Bí ọjọ́ Ajé bá dé, owó tó fẹ́ san ni àkàrà àárọ̀ ọjọ́ náà ń mú wọlé lójú wa, nítorí ẹ̀bá agbada rẹ̀ ló ti ń wá sí mítìn, òórùn epo ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Owó ẹ̀yáwó gbé obìnrin yìí dìde. Agbada kan di méjì, ẹ̀wà tó ń rà ní kóńgò di èyí tó ń rà ní àpò, ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé irọ́ ni, ojú mi ló ṣe.

Nígbà tí mo wá ka ìtàn bí irú owó yìí ti bẹ̀rẹ̀, ohun gbogbo yé mi. Ní 1976, Muhammad Yunus, olùkọ́ yunifásítì ní Bangladesh, yọ dọ́là 27 nínú àpò ara rẹ̀, ó fi yá èèyàn 42 ní abúlé Jobra. Àwọn obìnrin tó ń fi oparun ṣe àpótí ìjókòó wà lára wọn. Wọ́n máa ń gba owó oparun lọ́wọ́ oníṣòwò láàárọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á tà á fún oníṣòwò yẹn kan náà ní iye tó bá wù ú. Owó tó ń jáde láàárọ̀ tó ń wọlé lálẹ́ ni. Ìyá Alákàrà ni gbogbo wọn. Sísan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bá irú òwò bẹ́ẹ̀ mu. Iṣẹ́ yẹn di Grameen Bank ní 1983, òun àti Yunus sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní 2006. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, Olóyè Bisi Ogunleye ti dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní COWAN sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 1982, orí ọ̀nà tí àwọn obìnrin abúlé fi ń dáwó jọ ló sì gbé e lé. Ìjọba dá People's Bank sílẹ̀ ní 1989, Tai Solarin ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 2005 ni Báńkì Àpapọ̀ gbé ìlànà jáde fún àwọn báńkì ayánilówó kéékèèké, wọ́n sì wá kún ìlú. Púpọ̀ nínú wọn mú ètò ìsanwó ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ti Bangladesh bó ṣe wà. Aṣọ tí wọ́n wọn sí ara alákàrà ni wọ́n ní kí ẹlẹ́ja wọ̀, kí àgbẹ̀ obìnrin tó gbin ẹ̀gẹ́ tí kò ní hú u títí di ọdún tó ń bọ̀ náà wọ̀ ọ́.

Ní 2015, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé gbé ìwádìí jáde láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Íńdíà, Ethiópíà, Mòrókò, Mẹ́síkò, Mongolia àti Bosnia. Wọ́n rí i pé owó yìí ń mú kí òwò àwọn kan gbòòrò, ṣùgbọ́n kò gbé gbogbo agbo ilé tó gbà á kúrò nínú òṣì bí wọ́n ti ń pariwo rẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Èmi àti Ìyá Alákàrà, ìwé kan náà la jọ tẹ̀ka sí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀ tèmi. Omi 2012 ti bò wá rí ní Gadumo, a sì rò pé irú rẹ̀ kò ní tún wáyé lójú ayé wa. Ní oṣù kẹsàn-án 2022, òjò ti pọ̀, wọ́n tún ṣí omi ìdídò Lagdo ní Kamẹrúùnù, odò Bẹ́núé àti Ọya sì jọ kún bo bèbè. Tó fi máa di oṣù kẹwàá, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn èèyàn ń wọ̀ lójú ọ̀nà Ganaja. Adankolo, Kabawa, Gadumo, omi ni. Ọ̀nà Abuja gé ní ìhà Koton Karfe, tírélà tò sẹ́yìn ara wọn fún ọjọ́ pípẹ́. Jákèjádò Nàìjíríà, ó lé ní 600 èèyàn tó kú, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan tí omi lé kúrò nílé.

Àgbá mi méjèèjì wà lábẹ́ omi. Igi ìdáná lọ. Ẹja tí mo gbé sórí pẹpẹ gbọ́ òórùn omi, ó bu. Àwọn oníbàárà Gwagwalada tó jẹ mí lówó kò rí ọ̀nà kọjá. Èmi, baálé mi àti àwọn ọmọ há sínú yàrá kan lọ́dọ̀ àbúrò ọkọ mi ní Felele. Ibẹ̀ ni ọmọkùnrin báńkì ti pè mí lórí fóònù, nítorí mo ti tún gba owó mìíràn lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, mi ò sì tíì san án tán. "Mọ́mì, ẹ káàárọ̀ o. Ọjọ́ Ajé ti dé o."

Mo ní, "Ọmọ mi, o ò rí omi ni?"

Ó ní, "Mo rí i, Mọ́mì. Ọ̀gá mi ló ní kí n pè yín."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi wá bá mi ní Felele. Kì í ṣe gbogbo wọn. Àwọn tó wá náà, omi ti lé àwọn kan nínú wọn kúrò nílé. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sẹ́ni tó gba omi tí mo bù fún wọn. Ìyá Alákàrà ló sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló sì ń wò. Ó ní, "Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ má bínú. Kì í ṣe pé a ò mọ̀ pé omi gbé ọjà yín. Wọ́n ní bí owó ẹgbẹ́ ò bá pé, àwọn ò ní fọwọ́ sí káàdì ẹnikẹ́ni."

Mo wọlé, mo kó ìró òfì ìgbéyàwó mi jáde. Ó gbà á, ó san tèmi mọ́ tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni aṣọ náà wà títí di ọdún tó tẹ̀ lé e.

Aṣọ kọ́ ló dùn mí. Èmi àti àwọn obìnrin yìí, a ti jọ gbẹ̀bí ọmọ ara wa, a ti jọ se àsè, ẹnì kan kì í jẹun kí èkejì máa wò ó. Láti ọjọ́ yẹn, ìkíni wa di "ẹ káàárọ̀" gbẹrẹfu, kí kálukú máa bá tirẹ̀ lọ. Àwọn òṣómàálò Ìjẹ̀ṣà ayé àtijọ́, àwọn fúnra wọn ló ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè. Báńkì tiwa kò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Aládùúgbò ẹni ló rán. Àwọn tó ń yin ètò àjọdúró máa ń sọ pé owó kì í sábà bọ́ sọ́nù nínú rẹ̀, òótọ́ sì ni. Ohun tí wọn kì í kọ sínú ìwé ìṣirò ni ohun tí wọ́n fi gba owó náà padà.

Ohun tó wá dùn mí jù lọ ni èyí. Omi náà fà ní oṣù kọkànlá. Ẹja tó wà nínú adágún lọ́dún yẹn, àwọn apẹja ń kó o ni. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lákòókò yẹn, èrè oṣù méjì lè bo àdánù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo lọ bẹ báńkì kí wọ́n fún mi ní díẹ̀. Wọ́n ní káàdì mi ti bàjẹ́. Mo dúró ní Kpata bí mo ti ń dúró tẹ́lẹ̀, mo ń ra àṣẹ́kù láwìn. Wọ́n gba owó lọ́wọ́ mi nígbà tí mi ò ní, wọ́n sì kọ̀ láti fún mi nígbà tí mo lè fi ṣe nǹkan. Nígbà tó tún wá di ìbẹ̀rẹ̀ 2023 tí owó náírà wọ́n lóde nítorí ìpààrọ̀ owó, a ní ẹja, a ní oníbàárà, kò sí owó bébà tí wọ́n máa fi rà á, ọjọ́ Ajé sì ń dé bó ṣe ń dé.

Ìyá Alákàrà ló padà wá bá mi. Ó mú aṣọ mi wá, ó ní òun kò sùn dáadáa láti ọjọ́ tóun ti gbà á, ó ní kí á wá nǹkan mìíràn ṣe. Obìnrin Haúsá kan tó ń ta kúlíkúlí lágbègbè wa sọ fún wa nípa àwọn ìbátan rẹ̀ ní Maradi, ní orílẹ̀-èdè Niger, tí wọ́n ní àpótí kan tí wọ́n ń dá owó sí, tí wọ́n sì ń yá nínú rẹ̀. Mo wádìí rẹ̀. Òótọ́ ni: ní 1991 ni àjọ CARE bẹ̀rẹ̀ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin abúlé níbẹ̀, Mata Masu Dubara ni wọ́n ń pè é, ó sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Kò jìnnà sí èsúsú wa. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé èèyàn kò ní dúró kó kàn án kó tó rí owó lò.

A kan àpótí, a fi àgádágodo mẹ́ta sí i, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ obìnrin mẹ́ta tí wọn kì í gbé ilé kan náà. Èlé kékeré tá a ń gbà, àwa la tún ń pín in. Nígbà tá a fẹ́ ṣe òfin ẹgbẹ́, àríyànjiyàn tó gùn jù lọ dá lórí ọjọ́ ìsanwó. Àwọn tó ń ta oúnjẹ fẹ́ kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n ní owó tó bá pẹ́ lọ́wọ́ àwọn á bá oúnjẹ ilé lọ. Àwa ẹlẹ́ja ní rárá. A fẹnu kò síbi pé kálukú á sọ bí owó òwò rẹ̀ ti ń padà wọlé, a ó sì kọ ọjọ́ ìsanwó tirẹ̀ síwájú orúkọ rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, a kì í béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tí ilé tàbí ọjà rẹ̀ bá wà lọ́nà omi.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé àpótí yìí tó wa. Owó inú rẹ̀ kéré. Bí omi bá dé, gbogbo wa ló ń bò lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbà tí gbogbo wa fẹ́ yá ni kò sí ẹni tó ní ohun tó máa dá. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ ìyanja tó dára, tàbí tó fẹ́ gba ilẹ̀ síbi tó ga, àpótí obìnrin mélòó kan kò lè gbé e. A nílò owó tó ti òde wá. Nítorí náà ni mo ṣe ń bá àwọn báńkì jà. Ká ní wọn ò wúlò fún wa ni, mi ò ní yọ ara mi lẹ́nu.

Wọ́n á ní bí àwọn bá fún obìnrin láyè, á sá lọ. Ní Kolkata ní Íńdíà, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé Erica Field, Rohini Pande àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dán an wò, wọ́n sì gbé e jáde ní 2013. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í san lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì bí ìṣe wọn, wọ́n fún àwọn mìíràn láyè oṣù méjì. Àwọn tó rí àyè kó owó púpọ̀ sí i sínú òwò, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta èrè wọn pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Àwọn tí kò rí owó san láàárín wọn náà pọ̀ díẹ̀ sí i, mi ò fi ìyẹn pa mọ́, báńkì sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ̀rù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní olùrànlọ́wọ́ tálákà yẹ kó lè bá tálákà pín nínú ewu náà. Títí di báyìí, àwa nìkan la ń gbé e.

Ìyàwó tuntun kan ládùúgbò wa wá bi mí láìpẹ́ yìí bóyá kí òun gbowó láti fi sin adìyẹ. Mo bi í pé ọ̀sẹ̀ mélòó ni adìyẹ rẹ̀ máa lò kó tó ṣeé tà. Ó ní bíi mẹ́jọ. Mo ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, kó sì béèrè iye tó máa dọ́wọ́ rẹ̀ gan-an lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ yọ. Bí wọ́n bá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni kó bẹ̀rẹ̀ sí í san, kó padà wá, kí á fún un ní díẹ̀ láti inú àpótí, kó fi mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yá obìnrin lówó ní Lọ́kọ́jà, ẹ wá sí Kpata kẹ́ ẹ tó tẹ káàdì. Ẹ yá ẹlẹ́ja lówó ní oṣù kọkànlá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní oṣù kìíní, kẹ́ ẹ sì gbà á tán kí oṣù kẹjọ tó parí. Bí omi bá dé lọ́dún náà, ẹ dá ìwé dúró títí á fi fà, kẹ́ ẹ má sì rán aládùúgbò ẹnikẹ́ni sí i.